Òkè ń yọ iná, èrò ń wọ́ lọ wò ó: àlàyé lórí ìrìn-àjò afẹ́ ní Áísíláǹdì

Bí fídíò òkè tó ń yọ iná ní Áísíláǹdì bá ti jáde lórí Facebook, ìbéèrè méjì ló máa ń hó lábẹ́ rẹ̀. Ẹnì kan á ní ṣé orí àwọn òyìnbó yìí pé báyìí, tí wọ́n dúró ti iná tí wọ́n ń ya fọ́tò. Ẹlòmíràn á béèrè pé ṣé kì í ṣe gbogbo orílẹ̀-èdè náà ló ń jó ni, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù lọ síbẹ̀? Kò sí ìbéèrè òmùgọ̀ nínú méjèèjì. Òkè kan náà lè yọ iná tí èrò lè fẹsẹ̀ rìn lọ wò lóṣù yìí, kó sì yọ èyí tí yóò dá bàálù dúró ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù lóṣù tó ń bọ̀. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Èyí tó tún yani lẹ́nu ni pé iná kọ́ ló ń ṣe àwọn àlejò ilẹ̀ yẹn léṣe jù. Omi ni, àti òtútù, àti ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ilẹ̀. Èèpo ilẹ̀ ayé tí a ń tẹ̀ yìí kì í ṣe odindi kan. Ó pín sí awẹ́ awẹ́, àwọn awẹ́ náà sì ń rìn díẹ̀díẹ̀. Ní ìhà àríwá Òkun Àtìláńtíìkì, awẹ́ tó gbé Amẹ́ríkà Àríwá àti èyí tó gbé Yúróòpù ń sún kúrò lọ́dọ̀ ara wọn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì lọ́dún. Níbi tí wọ́n ti ń yà, àpáta yíyọ́ ń gòkè wá láti dí àlàfo náà. Ìsàlẹ̀ òkun ni èyí ti ń ṣẹlẹ̀ lọ́pọ̀ ibi, ojú kì í rí i. Àmọ́ ní Áísíláǹdì, ooru ńlá mìíràn tún ń ru bọ̀ láti inú ilẹ̀ lọ́hùn-ún, àpáta tó ń yọ́ jáde sì pọ̀ débi pé ó ga ju ojú òkun lọ. Ohun tó kó jọ bẹ́ẹ̀ ló di erékùṣù náà. Ó fẹ̀ tó 103,000 kìlómítà onígun mẹ́rin, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ kò sì tó 400,000. Nítorí pé ó jìnnà sí àríwá, yìnyín tí kì í yọ́ tán bo nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Vatnajökull ló tóbi jù nínú àwọn yìnyín náà, àwọn òkè ayọnáyèéfín sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ṣì ń mí.

Iná wà lábẹ́, yìnyín wà lókè. Gbogbo ohun tí àlejò ń sanwó lọ wò níbẹ̀, àárín àwọn méjèèjì yìí ló ti wá, àfi ẹyọ kan tí n ó mẹ́nu bà tó bá yá.

Iná tí wọ́n ń lọ wò, iná tí wọ́n ń sá fún

Ọdún 2010 ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí jù. Ní oṣù kẹta ọdún náà, ilẹ̀ là ní ẹ̀gbẹ́ òkè Eyjafjallajökull, níbi kan tó ń jẹ́ Fimmvörðuháls, tí yìnyín kò bò. Àpáta yíyọ́ ń tú jáde, ó ń ṣàn wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èrò sì rọ́ lọ wò ó. Ẹni méjì kú lẹ́yìn tí wọ́n lọ síbẹ̀: wọ́n ṣìnà, òtútù ló sì pa wọ́n, kì í ṣe iná. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù kẹrin, iná yọ ní góńgó òkè kan náà, lábẹ́ yìnyín tó nípọn gan-an. Àpáta tó jáde lọ́tẹ̀ yìí ki ju ti àkọ́kọ́ lọ, gáàsì há sínú rẹ̀, ó sì pàdé omi yìnyín tó ń yọ́. Gbígbóná pàdé tútù, àpáta fọ́ túútúú di eérú kíkúnná, eérú náà sì gòkè dé ibi tí bàálù ń gbà. Tí irú eérú bẹ́ẹ̀ bá wọ ẹ́ńjìnnì bàálù, ó lè yọ́ síbẹ̀, kó sì dì mọ́ ọn. Nǹkan bí 100,000 ìrìn-àjò bàálù ni wọ́n fagi lé. Ẹni tó fẹ́ wọ bàálù láti Èkó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù lọ́sẹ̀ yẹn ò ní gbàgbé, torí pé wọ́n ti òfuurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pa fún ọjọ́ mélòó kan.

Nítorí náà, tí ẹ bá gbọ́ pé òkè kan ń yọ iná ní Áísíláǹdì, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kẹ́ ẹ béèrè ni bóyá yìnyín tàbí omi wà lórí rẹ̀. Tí kò bá sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ńṣe ni àpáta yíyọ́ kàn ń ṣàn, tí bàálù ṣì ń balẹ̀ ní pápákọ̀ Keflavík bó ṣe máa ń ṣe.

Bó ṣe rí nìyẹn ní Fagradalsfjall. Ọjọ́ 19 oṣù kẹta 2021 ni iná yọ níbẹ̀, ní ìyawọ̀ ilẹ̀ Reykjanes, ìyẹn ilẹ̀ tó yọrí sínú òkun, tí kò jìnnà sí Reykjavík tó jẹ́ olú ìlú. Nígbà yẹn, ó ti tó nǹkan bí 800 ọdún tí iná ti yọ lórí ilẹ̀ Reykjanes kẹ́yìn. Fún oṣù mẹ́fà ni èyí fi ń jó, wọ́n la ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, wọ́n ṣe ibi ìgbọ́kọ̀sí, àwọn èèyàn ń gbé oúnjẹ dání lọ jókòó sórí òkè kejì láti máa wòran. Ó tún yọ nítòsí ibẹ̀ ní 2022 àti 2023. Bóyá ìyẹn ló jẹ́ káwọn kan rò pé bí gbogbo rẹ̀ ṣe máa ń rí nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni iná sún sí ìwọ̀ oòrùn díẹ̀. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá 2023, ilẹ̀ ń mì tìtì lábẹ́ Grindavík, ìlú àwọn apẹja, wọ́n sì kó gbogbo ará ìlú jáde lóru. Ní oṣù kejìlá, ilẹ̀ là ní àríwá ìlú náà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kìíní 2024, àpáta yíyọ́ wọ ìlú, ó sì jó ilé mẹ́ta. Irú iná kan náà ni pẹ̀lú ti 2021, kò bú gbàmù, kò rán eérú lọ sí Yúróòpù. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ilé àwọn èèyàn ló wà níwájú rẹ̀. Ìbéèrè kejì nìyẹn: kí ló wà nísàlẹ̀ ibi tí iná náà ti ń ṣàn bọ̀?

Gáàsì sì ni ìbéèrè kẹta, èyí tí kì í hàn nínú fídíò. Afẹ́fẹ́ olóró tó ń bá iná jáde wúwo, ó máa ń kó jọ sínú kòtò àti àfonífojì nígbà tí afẹ́fẹ́ ò bá fẹ́. Ní 1783, nígbà tí ilẹ̀ là ní Laki tó sì ń tú fún oṣù mẹ́jọ, gáàsì ba koríko jẹ́, àwọn àgùntàn àti màlúù kú, ìyàn sì mú. Nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún àwọn ará Áísíláǹdì ló bá ìyàn náà lọ. Nítorí ìyẹn, tí àwọn aláṣẹ bá ní kẹ́nikẹ́ni má lọ sí ibi kan lónìí, kì í ṣe pé wọ́n ń ṣe àṣejù. Ilé iṣẹ́ ojú ọjọ́ wọn, Veðurstofa Íslands, ń gbé ìròyìn gáàsì àti ìmìtìtì ilẹ̀ jáde lójoojúmọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì wà níbẹ̀. Tí iná bá ti kú tán, àpáta dúdú tó ṣẹ́ kù lè tutù lójú kó ṣì máa pọ́n nínú fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ má gùn ún.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn aṣòwò ìrìn-àjò kì í fẹ́ sọ síta: lọ́pọ̀ ìgbà, tí ẹ bá débẹ̀, kò ní sí iná kankan. Ẹni tó bá fi ọdún kan tọ́jú owó torí iná pupa nìkan, àfàìmọ̀ kó má bá eérú tútù. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, èmi á ní kó lọ sí Þríhnúkagígur nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn. Òkè ayọnáyèéfín tó ti sùn fún ohun tó ju 4,000 ọdún lọ ni, àpáta inú rẹ̀ ti dà nù, ó wá ku ihò òfìfo. Ẹ̀rọ kan máa ń sọ èèyàn kalẹ̀ ní nǹkan bí 120 mítà sí inú ikùn rẹ̀, níbi tí ògiri pupa, àwọ̀ ewé àti àwọ̀ yẹ́lò ti dojú kọ yín. Owó rẹ̀ kò kéré, àmọ́ kò gbára lé oríire.

Omi gbígbóná

Iná tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ń gbé omi hó. Omi yẹn ni wọ́n fi páìpù fà wọ ilé, nǹkan bí ilé mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ló ń fi í mú ilé móoru. Ní Reykjavík, tí ẹ bá ṣí ẹ̀rọ omi gbígbóná, òórùn imí ọjọ́ lè jáde, bíi ti ẹyin tó ti kọ. Àlejò á rò pé omi ìlú ti bàjẹ́, á sáré lọ ra omi inú ike. Kò yẹ bẹ́ẹ̀. Omi tútù ní páìpù tiẹ̀ lọ́tọ̀, ó mọ́, ẹ jẹ́ kó ṣàn díẹ̀ kẹ́ ẹ sì bu mu.

Blue Lagoon tí gbogbo èèyàn ń ya fọ́tò nínú rẹ̀ ńkọ́? Adágún omi aláwọ̀ búlúù tó dà bíi wàrà yẹn kò ti ọwọ́ Ọlọ́run wá tààrà. Ní 1976, wọ́n dá ilé iṣẹ́ iná mànàmáná sílẹ̀ ní Svartsengi, tó ń fa omi gbígbóná láti inú ilẹ̀ jíjìn. Omi òkun pọ̀ nínú rẹ̀, iyọ̀ àti èròjà bíi yanrìn lẹ́búlẹ́bú sì wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá lò ó tán, wọ́n á dà á sórí àpáta tó wà nítòsí, wọ́n rò pé ilẹ̀ á fà á mu. Èròjà funfun yẹn ló dí ojú ihò àpáta, omi ò rí ibi gbà mọ́, ló bá di adágún. Ní 1981, ọkùnrin kan tí àrùn awọ ara ń yọ lẹ́nu lọ wẹ̀ níbẹ̀, ó ní ó tu òun lára, àwọn míì tẹ̀ lé e, owó sì dé. Tí ẹnì kan bá wá sọ fún yín pé omi tí ilé iṣẹ́ lò tán ni, kò parọ́. Àmọ́ kì í ṣe omi ìdọ̀tí. Omi tó fi iná rẹ̀ sílẹ̀ ni, tó ku bíi 38°C. Ibẹ̀ sún mọ́ Grindavík gan-an, ó ti tì pa léraléra láti 2023, àpáta yíyọ́ tilẹ̀ bo ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ̀ mọ́lẹ̀ ní oṣù kọkànlá 2024. Ẹ wo bóyá ó ṣí kẹ́ ẹ tó sanwó.

Ní ìyawọ̀ ilẹ̀ Reykjanes yẹn kan náà, ooru abẹ́ ilẹ̀ ni wọ́n fi ń gbẹ orí ẹja kọ́ọ̀dù. Nàìjíríà ni ọjà tó ń ra orí ẹja náà jù. Nítorí náà, ẹ lè má tíì dé Áísíláǹdì rí, kí iná ibẹ̀ sì ti dé inú ọbẹ̀ yín.

Adágún olówó ńlá nìkan kọ́ ni ibi ìwẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìlú, títí dé abúlé, ló ní ibi ìlúwẹ̀ẹ́ ti ìjọba ìbílẹ̀, owó táṣẹ́rẹ́ ni wọ́n ń gbà níbẹ̀, ibẹ̀ sì ni àwọn onílé ti ń ṣeré ìrọ̀lẹ́. Òfin kan wà tó máa ń dójú ti àwa ọmọ Yorùbá: ẹ gbọ́dọ̀ bọ́ gbogbo aṣọ, kẹ́ ẹ sì fi ọṣẹ wẹ̀ dáadáa lójú àwọn tó kù kẹ́ ẹ tó wọ omi, ọkùnrin lọ́tọ̀, obìnrin lọ́tọ̀. Kẹ́míkà tí wọ́n ń fi sómi kéré ni, torí ẹ̀ ni wọn ò fi ń gbọ́ àwáwí.

Gbogbo omi gbígbóná kọ́ ló sì jẹ́ ti ìwẹ̀ o. Ní àfonífojì Reykjadalur, nítòsí Hveragerði, odò lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan wà tí èèyàn lè rìn dé kó sì jókòó sínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Àmọ́ lójú ọ̀nà ibẹ̀ gan-an, àwọn ihò kan ń hó tó lè bó ẹsẹ̀ yín. Ní Hverir, ní apá Mývatn níhà àríwá, ẹrẹ̀ ń hó pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀, èèpo ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ sì lè má nípọn tó lábẹ́ bàtà. Okùn tí wọ́n ta sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ohun tó wà fún nìyẹn.

Ti Geysir náà ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Wọ́n á dé Haukadalur, wọ́n á dúró ti ihò ńlá tó ń jẹ́ Geysir, wọ́n á retí, omi ò ní tú. Geysir ti fẹ̀yìn tì. Ó máa ń pẹ́ gan-an kó tó tú báyìí. Aládùúgbò rẹ̀, Strokkur, ló ń ṣiṣẹ́: láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá, á ju omi sókè tó mítà 15 sí 20, nígbà míì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ṣe ń ṣe é ni pé ihò tóóró kan jìn wọlẹ̀, ó kún fómi. Omi ìsàlẹ̀ ń gbóná ju 100°C lọ, àmọ́ ẹrù omi tó wà lókè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kò jẹ́ kó hó, bí ìdérí tó mọ́ra ṣe máa ń tẹ oru mọ́ inú ìkòkò. Tí díẹ̀ lára omi òkè bá ti ru kúrò, ẹrù fúyẹ́ nìyẹn, omi ìsàlẹ̀ á di oru lójijì, á sì ti gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ jáde. Ẹ máa wo ojú omi náà: ó máa ń wú rọ̀bọ̀tọ̀, aláwọ̀ búlúù, kó tó bẹ́. Ẹ dúró sí ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ bọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ ó rẹ.

Ṣé lóòótọ́ ni pé èèyàn lè fọwọ́ kan ilẹ̀ ńlá méjì?

Ní Þingvellir ni wọ́n ti máa ń sọ ọ̀rọ̀ yìí. Ibi ọlá ni Þingvellir. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dá ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn, Alþingi, sílẹ̀ ní ọdún 930, UNESCO sì fi í sínú ogún àgbáyé ní 2004. Àlàfo kan tó kún fún omi wà níbẹ̀, Silfra, omi rẹ̀ mọ́ débi pé olùlúwẹ̀ẹ́ lè rí ohun tó wà ní nǹkan bí 100 mítà síwájú rẹ̀. Ó tutù gan-an, 2°C sí 4°C, aṣọ àkànṣe ni wọ́n ń wọ̀ wọ̀ ọ́. Wọ́n á ní ẹ na ọwọ́ ọ̀tún, Yúróòpù nìyẹn; ẹ na tòsì, Amẹ́ríkà nìyẹn. Fọ́tò rẹ̀ dára. Àmọ́ ibi tí awẹ́ ilẹ̀ méjèèjì ti ń yà kì í ṣe ojú ìlà kan ṣoṣo. Àfonífojì tó fẹ̀ ní ọ̀pọ̀ kìlómítà ni, tó kún fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìsán, tí ilẹ̀ àárín rẹ̀ ń rì díẹ̀díẹ̀. Silfra jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ìsán yẹn. Ògiri gíga tó ń jẹ́ Almannagjá ni etí ìhà Amẹ́ríkà. Etí ti Yúróòpù wà lọ́hùn-ún, lódìkejì àfonífojì. Lójú tèmi, kéèyàn dúró lórí Almannagjá kó wo bí ilẹ̀ ṣe fẹ̀ tó láàárín méjèèjì dùn ju kó máa wá ibi tí yóò gbé ọwọ́ lé lọ.

Þingvellir, Haukadalur àti Gullfoss, òṣòòrò omi tó ń já wálẹ̀ ní ìpele méjì tó jẹ́ 32 mítà lápapọ̀, ni wọ́n ń pa pọ̀ rìn lọ́jọ́ kan láti Reykjavík. Ọkọ̀ akérò ń lọ lójoojúmọ́.

Etíkun gúúsù

Tí ẹ bá gba ọ̀nà òpópónà kìíní lọ sí ìlà oòrùn, ẹ ó rí àwọn òkè tó dà bí ògiri lápá òsì. Etíkun àtijọ́ ni wọ́n. Òkun ti fà sẹ́yìn kúrò lẹ́sẹ̀ wọn. Omi tó ń ti orí òkè bọ̀, tó fi mọ́ ti yìnyín tó yọ́, ń já bọ́ láti orí wọn: Seljalandsfoss, tí èèyàn lè rìn gba ẹ̀yìn rẹ̀, àti Skógafoss, tó ga tó 60 mítà.

Reynisfjara ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ fetí sí jù. Etíkun tí yanrìn rẹ̀ dúdú ni, nítorí pé àpáta iná ni òkun lọ̀ kúnná. Àwọn òpó àpáta onígun wà níbẹ̀ tó tò bíi pé gbẹ́nàgbẹ́nà ló gbẹ́ wọn. Bí àpáta yíyọ́ ṣe ń tutù tó ń sún kì ló là á bẹ́ẹ̀. Ẹwà rẹ̀ kò láfiwé. Ó sì ti pa èèyàn. Òkun ibẹ̀ máa ń rọlẹ̀ fún ìṣẹ́jú bíi mélòó kan, ìgbì kéékèèké á máa wá, á máa padà, kí ọ̀kan tó lágbára tó ṣàdédé gòkè wá títí dé ibi tí gbogbo èèyàn rò pé ó gbẹ. Ó máa ń gbá ẹsẹ̀ lọ, yanrìn á yọ̀ lábẹ́ ẹni, omi tútù nini á sì fa èèyàn lọ sínú ibú. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ kò bọ́ níbẹ̀. Wọ́n ti gbé iná ìkìlọ̀ síbẹ̀: tó bá pọ́n, ẹ má sọ̀ kalẹ̀ sí etíkun rárá. Ẹ má kọ ẹ̀yìn sí òkun torí fọ́tò.

Jökulsárlón wà síwájú sí i. Adágún ni, yìnyín ńlá ńlá tó já kúrò lára Vatnajökull ló ń léfòó nínú rẹ̀ títí wọ́n á fi ṣàn wọ òkun. Adágún náà kò tíì pé ọgọ́rùn-ún ọdún, ó sì ń fẹ̀ sí i nítorí pé ayé ń móoru. Nígbà òtútù, wọ́n máa ń mú àlejò wọ ihò inú yìnyín. Ìgbà òtútù ni mo wí. Ní oṣù kẹjọ 2024, yìnyín wó lu àwọn àlejò ní Breiðamerkurjökull, tó jẹ́ ẹ̀ka Vatnajökull, ẹnì kan kú. Yìnyín tí oòrùn ń yọ́ kò ṣeé dúró sábẹ́ rẹ̀, ìyówù kí amọ̀nà fi dá yín lójú.

Ọkọ̀, ojú ọ̀run, àti físà

Àwọn ọ̀nà tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà F ni wọ́n ń gbà wọ àárín ilẹ̀ náà. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà nìkan ló lè gbà á, wọ́n sì máa ń tì wọ́n láti ìgbà òtútù títí di nǹkan bí oṣù kẹfà. Kò sí afárá lórí àwọn odò kan níbẹ̀. Kéèyàn wa ọkọ̀ kúrò lójú ọ̀nà lodi sófin, owó ìtanràn rẹ̀ sì ń dunni, torí pé ewédò tó bo àpáta lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó hù padà. Ẹ di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú tẹ́ ẹ bá fẹ́ ṣí i: afẹ́fẹ́ ibẹ̀ máa ń ká a sẹ́yìn, ọ̀pọ̀ ìwé adójútòfò ọkọ̀ ayálò kì í sì í san owó irú ẹ̀. Nọ́ńbà ìpè pàjáwìrì ni 112.

Ẹyọ kan tí mo ní n ó mẹ́nu bà, tí kò bá iná abẹ́ ilẹ̀ tan rárá, ni ìmọ́lẹ̀ àwọ̀ ewé tó ń jó lójú ọ̀run lóru. Ọ̀dọ̀ oòrùn ni ó ti ń wá: èròjà kíkúnná tí oòrùn ń jù síta ń kọlu afẹ́fẹ́ tó wà lókè ayé, ó sì ń tàn. Ó gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn kí ojú tó rí i, nítorí náà ẹni tó lọ ní oṣù kẹfà, nígbà tí ilẹ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú, ti sọnù. Láti oṣù kẹsàn-án sí oṣù kẹrin ló dára. Ní oṣù kejìlá, ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ ní Reykjavík kì í ju bíi wákàtí mẹ́rin sí márùn-ún lọ. Ẹ ò lè rí òkun, yìnyín àti òṣòòrò omi púpọ̀ lọ́jọ́ kan náà.

Áísíláǹdì kò sí nínú ẹgbẹ́ EU, àmọ́ ó wà nínú Schengen, àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó ń lo físà kan náà, láti 2001. Físà Schengen ni ẹni tó ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà ń lò wọ ibẹ̀. Èyí máa ń ká àwọn ará wa tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù mọ́, torí pé bàálù ò lò ju nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta lọ, tí tíkẹ́ẹ̀tì sì lè má wọ́n. Ìwé ìgbélùú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò rọ́pò físà náà. Ẹni tó bá ní ìwé ìrìnnà Nàìjíríà nìkan lọ́wọ́, kó kọ́kọ́ gba físà, kó tó san owó òtẹ́ẹ̀lì tí wọn ò ní dá padà.